Ìdí Tí Ìrẹ̀ Fi Ń Dákẹ́ Bí Ó Bá Gbọ́ Ìró Ẹsẹ̀

Ní àtijọ́ tó jìnnà sí wa gan-an, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ tí àwọn òkè kò sì tíì gbó, kò sí ẹyẹ kan tó ní orin ti ara rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àparò kàn ń rìn kiri inú oko láìsọ nǹkan kan ni. Àdàbà ń jókòó lórí ẹ̀ka, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sílé. Bí ọmọ bá ń sunkún, ìyá rẹ̀ á máa jù ú sókè, á máa gbé e sọ́tùn-ún, á máa gbé e sósì, títí yóò fi rẹ ọmọ, tí yóò sì rẹ ìyá náà pẹ̀lú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ orin dá láyé ìgbà náà. Ìrẹ̀ ni.

Ìrẹ̀ kì í gbé inú ihò nígbà yẹn. Abẹ́ igi ọ̀dán tó wà láàárín ìlú ni ilé rẹ̀ wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sì í tì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó kéré lójú, kò sì lẹ́wà. Ẹ̀yin náà ti rí ìrẹ̀ rí, ẹ ò ní bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ìyẹ́ kan gbo ìkejì, ẹni tó ń lọ á dúró, ẹni tó ń jà á gbàgbé ohun tó fa ìjà.

Iṣẹ́ orin kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Bí Ìrẹ̀ bá ń dá orin kan, ó lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, kí ó má sì parí rẹ̀ títí àgbàdo náà yóò fi gbó. Á kọ ọ́, á tú u palẹ̀, á tún un kọ. Kò ráyè dáko, kò sì ráyè kó oúnjẹ pa mọ́ de ọyẹ́. Àwọn tó ń gba orin lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Bí ọyẹ́ bá dé tí koríko gbẹ, ẹni yìí á gbé ewé tútù wá, ẹni yẹn á gbé ẹ̀pà wá, oníkálukú bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Bí òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ṣe ń jẹun nìyẹn.

Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba orin láyé ọjọ́un. Ẹni tó bá fẹ́ orin gbọ́dọ̀ dé kí ìrì tó gbẹ. Ìrẹ̀ á kọ orin náà fún un, òun náà á kọ ọ́ padà, wọn á sì jọ máa kọ ọ́ títí yóò fi dúró lẹ́nu rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni Ìrẹ̀ á wá sọ ohun tí wọ́n lè fi orin náà ṣe àti ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ fi í ṣe. Ẹni tó gbà á á tún ọ̀rọ̀ náà sọ níṣojú rẹ̀ kí ó tó dìde.

Ẹtu wá lọ́jọ́ kan láti gba orin tí yóò máa fi rẹ ọmọ rẹ̀, Jọláadé, lẹ́kún. Nígbà tí orin náà ti dúró lẹ́nu rẹ̀, Ìrẹ̀ sọ fún un pé:

"Ìyá Jọláadé, gbà á. Kọ ọ́ níbi tó bá wù ọ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú rẹ̀ tí Jọláadé ò fẹ́, yọ ọ́, kí o fi èyí tó fẹ́ síbẹ̀. Bí aládùúgbò rẹ bá fẹ́ ẹ, fún un, má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bi mí. Ohun kan ni mo fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu kọ ọ́, kí ó sọ pé Ìrẹ̀ ló dá a."

"Ṣé ìyẹn nìkan ni, Bàbá Àwẹ̀ró?"

"Ìyẹn nìkan ni. Wo bí ẹsẹ̀ mi ṣe rí, ṣé mo lè fi kiri ayé? Orúkọ mi ló ń bá mi kiri. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ni yóò mọ ọ̀nà ilé mi lọ́jọ́ tí òun náà bá ń wá orin."

Ẹtu tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó sì dìde. Láti ọjọ́ náà, kò kọ orin yẹn rí láìkọ́kọ́ sọ pé Ìrẹ̀ ló dá a, kódà bí ó bá jẹ́ òun àti Jọláadé nìkan ló wà nílé.

Àparò náà gba orin tiẹ̀, orin tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ oko. Kò pẹ́ tó fi padà wá, ó ń tiro níwájú ilé bí ẹni tó fọ́ ìkòkò.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ má bínú o. Mo ti fi igbe díẹ̀ kún un láàárín."

"Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Àparò kọ ọ́. Ìrẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ìyẹ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Èyí dára ju tèmi lọ," ó ní. "Ìwọ ṣáà máa sọ pé Ìrẹ̀ ló dá a, Àparò ló tún un ṣe." Bí Àparò ṣe rìn kúrò níbẹ̀, ẹ ó rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í joyè ni.

Èmi fẹ́ràn Ìrẹ̀ nítorí ìwà yẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ nǹkan ṣe ni kì í fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan iṣẹ́ òun.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Àwẹ̀ró, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kan kúrú. Bí ó bá ń rìn, á gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà á wọ́ ẹsẹ̀ kúkúrú náà tẹ̀ lé e. Ìrẹ̀ kì í nílò kí ó wòde kó tó mọ̀ pé ọmọ òun ló ń bọ̀. Ìwà kan tún wà lára ọmọ náà. Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín, á jẹ́ kí gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín tán kí òun tó bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, òun nìkan, tí àwọn tó kù á sì tún máa fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ kọjá bí mo ṣe lè sọ ọ́.

Lọ́dún kan, ọyẹ́ mú púpọ̀, iná sì sọ nínú koríko. Ìrẹ̀ ti lọ sétí odò lọ fi orin lé Ọ̀pọ̀lọ́ lọ́wọ́. Gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ yíyá sá àsálà. Àwẹ̀ró náà sá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó tètè jìnnà.

Nígbà tí Ìrẹ̀ fi dé, eérú ló bá. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ lè sọ pé ìrẹ̀ kì í ní omijé. Ta ló wò ó lójú rí nínú yín?

Wọ́n bá a sin ọmọ náà sídìí ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ìlú. Ó pẹ́ kí Ìrẹ̀ tó tún fi ìyẹ́ kan ìyẹ́. Àwọn ènìyàn ń gbé oúnjẹ wá, wọn kò béèrè orin. Nígbà tó yá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, koríko bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde nínú eérú, Ìrẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá orin kan.

Orin Àwẹ̀ró ni. Orin náà kò rìn bí orin yòókù. Á gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á dúró díẹ̀, á wá wọ́ ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín kan wà láàárín rẹ̀ tó máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Ìrẹ̀ á lọ sídìí ọ̀pẹ yẹn, á kọ ọ́. Bí ó bá sì ti ń kọ ọ́, ó ń gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà. Títí orin náà yóò fi parí, ọmọ rẹ̀ kò tíì kú.

Ó pe gbogbo ìlú jọ sábẹ́ igi ọ̀dán. "Gbogbo orin mi yòókù, bí mo ṣe fún yín náà ni," ó ní. "Ẹ máa kọ wọ́n, ẹ máa tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ti ìdí ọ̀pẹ yẹn, mi ò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má kọ ọ́, ẹ má fi kọ́ ọmọ, ẹ má fi jó. Ohun tó kù fún mi lára ọmọ mi nìyẹn."

Gbogbo wọn ní àwọn gbọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń kọjá níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ á yára ẹsẹ̀, ẹlòmíràn á tilẹ̀ gba ọ̀nà míràn. Odídẹrẹ́ wà láàárín àwọn tó ní àwọn gbọ́.

Odídẹrẹ́ ní ẹ̀bùn kan. Orin tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í sọnù lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kò lè dá orin. Ó ti gbìyànjú rẹ̀ títí, ohun tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ á ṣáà jọ ti ẹnì kan. Ó ń dùn ún. Mi ò ní sọ pé kò dùn ún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Odídẹrẹ́ wà lórí ọ̀pẹ náà, ó ń jẹ ẹyìn, nígbà tí Ìrẹ̀ dé sísàlẹ̀. Ó yẹ kí ó fò lọ. Ó mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ó rọra dákẹ́ sáàárín imọ̀ ọ̀pẹ, ó sì gbọ́ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi bọ́ lójú òun náà. Nígbà tí Ìrẹ̀ sì lọ sílé, orin náà ti wà lọ́fun Odídẹrẹ́.

Kò pẹ́ tí àwọn Ọ̀bọ tí ń gbé lódìkejì odò fi ń ṣe àjọ̀dún ẹyìn tuntun, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Odídẹrẹ́ kí ó wá kọrin fún àwọn. Orúkọ Ìrẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà náà, torí Odídẹrẹ́ kì í dárúkọ rẹ̀ bí ó bá ń kọrin fún wọn. Odídẹrẹ́ kọ èyí tó mọ̀, ó kọ ọ́ tán. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ìyẹn lọ́dún tó kọjá. Ó kọ òmíràn, wọ́n ń yán, wọ́n sì ń họ ara.

"Ṣé kò sí tuntun ni?" ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

Odídẹrẹ́ la ẹnu, orin Àwẹ̀ró ló jáde.

Ìyá àgbà Ọ̀bọ kan tó ti sin ọmọ rí fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tí orin parí, wọ́n ní kí ó tún un kọ, ó tún un kọ, wọ́n sì kó ẹyìn jọ síwájú rẹ̀ débi pé wọn kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Wọn kò ṣe irú ẹ̀ fún un rí.

"Ọmọ mi," ìyá àgbà náà bi í, "ta ló ni orin yìí, kí á lè lọ kí i?"

Odídẹrẹ́ rò ó lọ́kàn ara rẹ̀. Bí ó bá dárúkọ Ìrẹ̀, wọn á lọ kí Ìrẹ̀, Ìrẹ̀ á sì mọ̀.

"Kò lólúwa, Ìyá," ó ní. "Ojú ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú rẹ̀. Òun gan-an ló sì ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Nítorí ohun tí kò bá lólúwa, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù láti gé e bó ṣe wù ú. Àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀bọ fẹ́ fi orin náà jó, ṣùgbọ́n kò ṣeé jó. "Ẹsẹ̀ orin yìí ń dà wá láàmú," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ó ń dúró níbi tí kò yẹ kó ti dúró." Wọ́n bá tún un ṣe. Wọ́n yọ ibi tó ti ń dúró kúrò, wọ́n mú kí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Wọ́n mú ẹ̀rín tó máa ń pẹ́, wọ́n gbé e síwájú, kí gbogbo agbo lè rẹ́rìn-ín pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá dùn ún jó gan-an. Odídẹrẹ́ kọ́ èyí náà, ó gbé e lọ sí ìlú míràn, àwọn yẹn náà sì fi tiwọn kún un.

Ẹ má bínú sí àwọn Ọ̀bọ jù. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan sọ fún wọn pé ọmọ tó kú ló ń tiro nínú orin yẹn, ṣé ẹ rò pé wọ́n á fọwọ́ kàn án?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ẹtu gbé ewé tútù wá fún Ìrẹ̀. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Bí ó ṣe ń to ewé sílẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́ẹnu. Ìrẹ̀ ń gbálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ìyá Jọláadé, kí lò ń kọ yẹn?"

"Orin kan ni, Bàbá Àwẹ̀ró. Jọláadé ló gbé e wálé látọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọmọdé ló ń fi jó báyìí. Àbí kò dùn ni?"

"Ta ló dá a?"

"Mo béèrè o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo máa ń béèrè. Wọ́n ní kò lólúwa."

"Tún un kọ fún mi."

Ẹtu tún un kọ, ó ń fi pátákò lu ilẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ń mi orí. Kò tíì dé àárín nígbà tó gbójú sókè tó rí ojú Ìrẹ̀. Ó dákẹ́.

"Àwẹ̀ró nìyẹn," Ìrẹ̀ sọ. "Ọmọ mi lẹ ń fi jó."

Ewé bọ́ lọ́wọ́ Ẹtu. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. "Mi ò mọ̀. Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ dákun, mi ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀," Ìrẹ̀ dá a lóhùn. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò mú kí ó fúyẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

Ẹtu kò lè sinmi. Ó bi Jọláadé, Jọláadé bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ń tọ ipasẹ̀ orin náà láti ẹnu dé ẹnu títí wọ́n fi kọjá odò, tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀bọ. Àwọn Ọ̀bọ sì dárúkọ Odídẹrẹ́.

Ẹfọ̀n ni baálẹ̀ nígbà náà. Ó pe gbogbo wọn sábẹ́ igi ọ̀dán, àwọn Ọ̀bọ náà sì wá.

"Odídẹrẹ́," ó ní, "ṣé ìwọ lo gbé orin yìí kúrò nídìí ọ̀pẹ?"

"Èmi ni, Baálẹ̀."

"O gbọ́ nígbà tí Bàbá Àwẹ̀ró bẹ̀ wá pé kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́?"

"Mo gbọ́." Odídẹrẹ́ gbé orí sókè. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan. Bí mo bá wọ oko yín tí mo wu iṣu, iṣu ti kúrò lóko yín nìyẹn, ebi á sì pa yín. Bí ẹ bá pè mí lólè, mi ò ní jiyàn. Orin Bàbá Àwẹ̀ró ńkọ́? Mo gbọ́ ọ, mo bá tèmi lọ, ó ṣì wà lẹ́nu wọn bó ṣe wà. Mi ò mú nǹkan kan kúrò nílé wọn. Kí ni mo jí?"

Àwọn kan mi orí. Kí n má parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ó ṣì ń dùn létí àwọn kan títí dòní.

Ọ̀dọ́ Ọ̀bọ kan dìde. "Baálẹ̀, orin náà mú inú wa dùn. Ṣé ó dáa kí irú orin bẹ́ẹ̀ máa jẹrà sídìí ọ̀pẹ kan ni?"

Ẹfọ̀n yíjú sí Ìrẹ̀. "Bàbá Àwẹ̀ró, gbogbo wa la mọ̀ pé o lawọ́. O ń fi orin fún tọmọdé tàgbà. Kí ló dé tí o fi di èyí mú?"

Nígbà tí Ìrẹ̀ máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè, wọ́n sì ní láti sún mọ́ ọn kí wọ́n tó gbọ́.

"Baálẹ̀, Ìyá Jọláadé tẹ́ ẹ rí yìí, gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń jẹun nílé rẹ̀. Kì í lé wọn. Ṣé nítorí ìyẹn, kí wọ́n wá gbé Jọláadé lọ?"

Ọ̀dọ́ Ọ̀bọ yẹn jókòó.

Ẹfọ̀n dá ẹjọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ orin náà mọ́. Ó ní kí Odídẹrẹ́ padà sí gbogbo ibi tó gbé e dé, kí ó sọ fún wọn pé orin náà lólúwa, pé Ìrẹ̀ ló dá a fún ọmọ rẹ̀ tó kú, àti pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Odídẹrẹ́ lọ. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń ti ìlú dé ìlú, ó ń jẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ gbọ́, wọ́n sì dá orin náà dúró, ìyá àgbà Ọ̀bọ tilẹ̀ wá láti òdìkejì odò wá bá Ìrẹ̀ kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọn kò gbọ́ orin náà rí. Wọ́n ní, "Orin wo lẹ ní ká má kọ?" Ọmọ aládùúgbò á sì kọ ọ́ fún wọn kí wọ́n lè mọ èyí tí kò yẹ kí wọ́n kọ. Ó sì ti wọ àwọn ìlú kan tí Odídẹrẹ́ kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn rí.

Ìrẹ̀ ní kò burú. Ó ní ohun tí òun fẹ́ ṣáà ni kí òun padà sídìí ọ̀pẹ òun. Nírọ̀lẹ́, ó lọ, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó gbé ìyẹ́ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Orin náà ń rìn gbọọrọ. Kò dúró níbì kankan, kò wọ́ ẹsẹ̀.

Ìrẹ̀ dákẹ́. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún rìn gbọọrọ bákan náà, ẹ̀rín náà sì bọ́ síbi tí gbogbo ayé ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ ti àwọn Ọ̀bọ jù. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé níwájú ilé rẹ̀, ó gbọ́ ọ létí odò, ó gbọ́ ọ lẹ́nu Ẹtu, títí tó fi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Àwẹ̀ró kì í rìn báyìí," ó sọ. "Ọmọ mi kì í rìn báyìí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sílé Odídẹrẹ́. Odídẹrẹ́ rí i, ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ fò.

"Mi ò bá tìjà wá," Ìrẹ̀ sọ fún un. "Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ohun tí o bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í sọnù lẹ́nu rẹ. Kọ orin ọmọ mi fún mi, bí o ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

Inú Odídẹrẹ́ dùn. Ó rò pé àyè ti wà kí òun tún nǹkan ṣe. Ó la ẹnu, ti àwọn Ọ̀bọ ló jáde.

"Kì í ṣe ìyẹn," Ìrẹ̀ sọ.

Ó tún la ẹnu, ti àwọn ará etí odò ló jáde. Ó tún gbìyànjú, ohùn Jọláadé ló jáde, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àwọn ọmọdé. Gbogbo bí wọ́n ṣe tún un ṣe níbi gbogbo ló wà lọ́fun rẹ̀, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Ó ń wá èyí tó wà nísàlẹ̀ wọn. Ó wá a títí ohùn rẹ̀ fi ya.

"Bàbá Àwẹ̀ró," ó ní, "ó ti lọ."

"Ó ti lọ lẹ́nu ìwọ náà?"

"Ó ti lọ."

"O béèrè nígbà yẹn pé kí lo jí," Ìrẹ̀ sọ jẹ́jẹ́. Ó yí padà, ó ń lọ sílé, Odídẹrẹ́ sì ń ké tẹ̀ lé e lẹ́yìn ní ohùn gbogbo ayé.

Ìrẹ̀ kó kúrò lábẹ́ igi ọ̀dán. Ó gbẹ́ ihò kan sídìí ọ̀pẹ, nítòsí ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, ó sì wọlé síbẹ̀. Ẹtu gbé ewé dé ẹnu ihò náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá Àwẹ̀ró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Ìlú ò dùn mọ́. Àwọn ẹyẹ ń béèrè orin tuntun, wọn ò mọ ẹni tí wọn ó bi."

"Gbé ewé náà síbẹ̀, Ìyá Jọláadé. O ṣeun," Ìrẹ̀ dáhùn láti inú ilẹ̀. "Èyí tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ máa kọ ọ́ lọ. Mi ò ní òmíràn tí mo lè fún yín. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi."

Ẹtu gbé ewé náà sílẹ̀ sẹ́nu ihò. Ó dìde, ó bá ọ̀nà ilé lọ.

Láti ìgbà náà wá ni ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ti ní orin kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìrẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Àdàbà ń kọ tirẹ̀, Àparò ń kọ tirẹ̀ pẹ̀lú igbe tó fi kún un láàárín, kò sì sẹ́ni tó lè fún wọn ní ìkejì. Odídẹrẹ́ lè sọ̀rọ̀ ní ohùn yín, ó lè sọ ọ́ ní ohùn ìyá yín, ó lè ké bí ewúrẹ́ yín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn tirẹ̀ rí.

Ìrẹ̀ sì wà nínú ilẹ̀ títí di òní, òun àti àwọn ọmọ ọmọ ìbátan rẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ ihò. Ẹ máa ń gbọ́ ọ. Orin náà kì í dé àárín. Á bẹ̀rẹ̀, á rìn gbọọrọ díẹ̀, á gé e, á tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ ti wọ́ ló ń wá. Bí ó bá sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan, á pa ẹnu mọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹni náà má baà gbé e lọ kí òun tó rí i tún ṣe.

Bí ẹ bá ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́ tí ẹ gbọ́ ọ tó ń kọ ọ́, tó sì dákẹ́ nítorí yín, ẹ má ṣe dúró máa tẹ́tí. Ẹ kọjá lọ jẹ́jẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọmọ rẹ̀, kò sì tíì rí i.